Gìgísẹ̀ Ìyá Òṣùwọ̀n

Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí típà àkọ́kọ́ tó tẹ hóònù lẹ́nu géètì, obìnrin kan máa ń jáde láti inú yàrá kékeré kan nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta yanrìn àti òkúta. Á gbé báàgì rẹ̀ sórí ìjókòó, á sì rìn lọ sí àárín gbùngbùn pèpéle irin tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀. Pèpéle náà gùn, ó sì fẹ̀. Bí obìnrin náà bá dá dúró sórí rẹ̀, àfi bí ẹyọ ẹ̀wà kan nínú ìkòkò ńlá. Á wá yí ọrùn wo nọ́ńbà pupa tó ń tàn lókè fèrèsé yàrá rẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún náà ni lánàá. Ọgọ́rùn-ún ni lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Kì í ṣe pé ó wọn ọgọ́rùn-ún kìlò géérégé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún típà kò mọ èèyàn. Ogún kìlò, ogún kìlò ló ń kà. Bí nǹkan bá wọn kìlò mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, á ní ọgọ́rùn-ún ni. Bó bá wọn mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, á ní ọgọ́rin ni. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò kàn án. Obìnrin náà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nìyí nídìí ẹ̀rọ náà. Ó kàn ń wá ọjọ́ tí yóò rí ọgọ́rin ni.

Ìyá Òṣùwọ̀n ni gbogbo awakọ̀ ń pè é. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọkọ̀ á wọlé lófìfo, á gun pèpéle, obìnrin náà á kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ á lọ gbé yanrìn, á padà wá gun pèpéle, obìnrin náà á tún kọ ọ́. Ohun tí ìkejì bá fi ju ìkíní lọ, ẹrù nìyẹn. Àwọn awakọ̀ ni wọn kò rọrùn. Àwọn kan á gbé àgbá omi pamọ́ sẹ́yìn ìjókòó kí ọkọ̀ òfìfo lè wúwo, wọ́n á sì da omi náà nù kí wọ́n tó padà wá pẹ̀lú ẹrù. Àwọn mìíràn á dúró kí táyà ẹ̀yìn má dé orí pèpéle, kí ilẹ̀ lè bá wọn gbé lára ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Òṣùwọ̀n gbé dígí kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bó bá ti rí i, orí rẹ̀ á yọ síta.

"Táyà yín ń bẹ nílẹ̀, bàbá! Ẹ sún síwájú!"

"Ìyá Òṣùwọ̀n, ojú yín yìí, ojú àwòdì ni."

"Ojú àwòdì kọ́, ojú ẹni tí wọ́n ti yàn jẹ rí ni. Ẹ sún un!"

Bí awakọ̀ bá sì ní òṣùwọ̀n ń parọ́ mọ́ òun, èsì kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo wọn: "Òṣùwọ̀n kì í parọ́. Ẹni tó gun orí ẹ̀ ni kó yẹ ara ẹ̀ wò." Ó ti sọ ọ́ títí ó ti di orin nínú ọgbà. Ó sì ti sọ ọ́ délé pẹ̀lú, Màmá rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn Màmá, jẹ́ olùkọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sí ọsibítù, tí wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Òun àti Màmá ti kó wá sílé Ìyá Òṣùwọ̀n nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ọsibítù jù: yàrá méjì àti pálọ̀ lórí àjà kẹta, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ méjìléláàádọ́ta. Ìyá Òṣùwọ̀n ti kà á.

Nígbà tí wọ́n ní kí ìdílé wá ẹni tó lè fún Tíṣà ní kíndìnrín kan, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn wò. Màmá ti dàgbà jù. Ti àwọn ọmọ bàbá wọn kò bá a mu. Ti Ìyá Òṣùwọ̀n ló bá a mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Màmá jó ní kọ́rídọ̀ ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n dókítà, obìnrin kékeré kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ yín bá a mu, mà. Ìwúwo yín ni kò bá òfin wa mu. Kìlò méjìdínlọ́gọ́rùn-ún lẹ wọ̀n. Ẹni tó bá sanra tó báyìí, tó wá ku kíndìnrín kan ṣoṣo, òun náà lè padà di aláìsàn lọ́la. A ò ní torí pé a fẹ́ gba ẹnì kan là, ká wá pa ẹnì kejì lára. Ẹ jẹ́ kó dé márùndínláàádọ́rùn-ún."

"Títí dìgbà wo, dókítà?"

"Ìgbìmọ̀ wa máa jókòó ní oṣù mẹ́rin òní. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀ nígbà náà, a máa mú ọjọ́."

"Kìlò mẹ́tàlá," ni Tíṣà sọ láti orí àga tó wà. Kò lè ṣe kó má ṣírò nǹkan. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò tó ìdá mẹ́ta báàgì sìmẹ́ǹtì kan."

"Mẹ́tàlá péré?" Ìyá Òṣùwọ̀n rẹ́rìn-ín. "Èyí tí típà ń gbọ̀n dà sójú ọ̀nà nìyẹn."

Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ. Bí èèyàn kò bá di ẹrù sí i, kò ní wúwo.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó yọ ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀, ó yọ mílíìkì tẹ̀ lé e, nígbà tó yá ó yọ tíì náà, ó wá ku omi gbígbóná. Búrẹ́dì di ohun tó ń fi imú kí. Ẹ̀fọ́ síse ló ń jẹ láàárọ̀, ẹyin kan lọ́sàn-án, ẹja tí kò fojú kan òróró nírọ̀lẹ́, inú àwo tí wọ́n máa ń gbé ife lé ló sì ń bù ú sí. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ìrìn wákàtí kan ó lé, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, bí àwọn yòókù bá ń jẹun, òun á máa yí òkìtì yanrìn ká, ìgbà mẹ́wàá. Bó bá délé, á gun àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́ta yẹn, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn ún. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan.

"Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan sókè ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Rárá o, aládùúgbò mi. Ara yìí ni mo fẹ́ gbàgbé sísàlẹ̀, ó tún ń tẹ̀ lé mi gòkè ni."

Ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́ dára. Lórí òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n rà sí pálọ̀, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún di márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ó di mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ó di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Tíṣà ya ìlà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, á fi bírò pupa sàmì sí i. Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń ti orí òkè bọ̀. Lẹ́yìn náà ó dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì dúró.

Ọ̀sẹ̀ kan, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó gé ẹyin ọ̀sán kúrò, nọ́ńbà náà kò mira. Ó fi ìrìn kún ìrìn, kò mira. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ ìléròrò, orí ń kọ́ ọ bó bá dìde lójijì. Ó ń jẹun lójú àlá, bó bá sì jí, ẹ̀rù á bà á pé bóyá wọ́n ń ka ti ojú àlá náà mọ́ ọn. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò rí àìsàn kankan. Ó ní ara àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i pé oúnjẹ ń dín kù, wọ́n á di èyí tó kù mú bí ahun.

"Ẹ ní sùúrù, mà."

Ìyá Òṣùwọ̀n ní sùúrù. Àbúrò rẹ̀ ni kò ní àkókò. Ó wá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí balùwẹ̀ bí ẹni ń wo yàrá tí wọ́n ti ìta tì mọ́ ọn. Ó ń kan ilẹ̀kùn láti inú, kò sẹ́ni tó ń dáhùn.

Màmá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ó ti sin méjì. Ojú tó fi ń wo Tíṣà ni ojú ẹni tí ẹyin tó gbé dání ti fọ́ kù díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, òun ló ń bá ọmọ rẹ̀ se ẹ̀fọ́, òun ló ń gbàdúrà sí i. Nígbà tí ìlà ara fíríìjì dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Lẹ́yìn tó wò títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kan, ó bá ọ̀rá bisikíìtì nínú báàgì tí ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀rá ni, Màmá. Awakọ̀ kan ló jù ú sórí tábìlì mi, mo sọ ọ́ sí báàgì, mi ò ráyè jù ú nù."

"Awakọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Awakọ̀ jẹ bisikíìtì, ó wá fi ọ̀rá ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nílé."

"Màmá, mi ò jẹ ẹ́."

"Ta ló ní o jẹ ẹ́? Ṣé mo sọ pé o jẹ nǹkan kan ni?" Màmá ń ká ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́ lórí itan rẹ̀. "Ṣebí ìwọ náà lo máa ń sọ ọ́. Òṣùwọ̀n kì í parọ́, ẹni tó gun orí ẹ̀ ni kó yẹ ara ẹ̀ wò. Bí ọ̀bẹ bá ń bà ọ́ lẹ́rù, sọ fún wa. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi ẹnu ṣèlérí fún àbúrò ẹ, kí o tún fi ẹnu kan náà jẹ ẹ́ run."

Ìyá Òṣùwọ̀n fẹ́ fèsì. Gbogbo ohun tó wá sí i lẹ́nu ló jọ ohun tí àwọn awakọ̀ ti ń sọ fún un láti ọjọ́ pípẹ́ wá. *Mi ò gbé nǹkan kan. Mo búra. Ẹ wò mí dáadáa.*

Lọ́jọ́ kejì, àgádágodo wà lára kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn Màmá, ó so ó mọ́ okùn. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, tí ogójì awakọ̀ ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, wá di ẹni tó ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì tirẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú iyọ̀."

"Iyọ̀ kí ni?"

"Ti ẹ̀fọ́, mà."

Màmá á ṣí i, á dúró tì í, á sì tì í padà.

Tíṣà kò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, kò mú bírò pupa. Ó kọjá lára fíríìjì bí ẹni pé kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Ìyẹn dun Ìyá Òṣùwọ̀n ju kọ́kọ́rọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun ló máa ń tẹ̀ lé Tíṣà lọ sí ọsibítù. Wọ́n máa ń wọn Tíṣà kó tó lọ sórí ẹ̀rọ, wọ́n á sì tún wọ̀n ọ́n bó bá kúrò níbẹ̀, nítorí pé omi tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè yọ ló máa ń kún un lára. Lọ́jọ́ náà, ó wọlé pẹ̀lú kìlò mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó jáde pẹ̀lú mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

"Wákàtí mẹ́rin, kìlò méjì," ni Ìyá Òṣùwọ̀n wí. "Kí wọ́n so èmi náà mọ́ ọn."

"Á kàn fọ̀ yín ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn máa mọ́ tónítóní lásán." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà wá ń wo bàǹdéèjì ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ fẹ́ ṣe é lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ ṣe é."

"Bí ẹ ò bá fẹ́, mi ò ní bínú."

"Mo ní mo fẹ́ ṣe é. Mi ò jẹ nǹkan kan tí wọn ò ní kí n jẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Tíṣà dáhùn.

Ìyá Òṣùwọ̀n mọ "mo gbọ́" yẹn. Òun gan-an ló ni ín. Bó ṣe máa ń wí i fún awakọ̀ tí kò gbà gbọ́ nìyẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ á ti máa na sí ọkọ̀ tó kàn.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ Alága ṣẹlẹ̀. Alága ni awakọ̀ tó dàgbà jù nínú ọgbà. Kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan. Ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ òfìfo gun pèpéle, ẹ̀rọ sì ní ọkọ̀ náà fi ogóje kìlò wúwo ju bó ṣe wà lóṣù tó kọjá. Òfin ọgbà ni pé bí ọkọ̀ òfìfo bá fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣiṣẹ́, títí ọ̀gá á fi gbọ́ sí i. Alága sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró sábẹ́ fèrèsé.

"Ìyá Òṣùwọ̀n, mo búra, kò sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ yìí ju èmi àti ebi lọ."

Ìyá Òṣùwọ̀n la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ. "Òṣùwọ̀n kì í..." Ó wo ojú ọkùnrin náà, ojú àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ pè lólè. Ó bá mú tọ́ọ̀ṣì, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, inú yàrá ló ti máa ń dá ẹjọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí irin tútù, ó tan iná sí abẹ́ ọkọ̀.

Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ gbígbẹ tó nípọn bí apá àgbàlagbà, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn táyà, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo irin abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n fi irin ha á. Ó kún bárò méjì, ó tún kù.

"Ṣé ẹ kì í fọ ọkọ̀ yìí ni, bàbá?"

"Ojoojúmọ́! Bí ìkókó ni mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Ibi tí ọwọ́ mi ò dé ló ń kó o pamọ́ sí."

Ìyá Òṣùwọ̀n jókòó sórí òkúta kan, ó bú sẹ́kún. Alága wò ó, ó wo ẹrẹ̀, ó tún wò ó.

"Ẹrẹ̀ ni o, Ìyá Òṣùwọ̀n. Kì í ṣe òkú."

"Mélòó ni mo ti dá dúró báyìí, tí mi ò wo abẹ́ ọkọ̀ wọn?"

"Ẹ má wulẹ̀ kà á," ni Alága fèsì. "Ẹ ò ní kà á tán."

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbìmọ̀ jókòó. Ìyá Òṣùwọ̀n jẹ ẹ̀fọ́ nìkan fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ karùn-ún ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀, ó jáde sórí pèpéle láàárọ̀, ó yí ọrùn.

Ọgọ́rin.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Ọgọ́rin! Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí: ó ti wà lábẹ́ àádọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe jìn sábẹ́ tó? Ó lè jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ó sì lè jẹ́ márùndínláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kò ní sọ fún un, òun náà kò sì béèrè. Nígbà tó délé, ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n pálọ̀ kọjá bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó fẹ́ fi ìrètí náà sùn ní ọjọ́ kan ṣoṣo yìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n máa wọ̀n ọ́n fún ìgbìmọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọsibítù. Yàrá tí wọ́n ti ń wọn èèyàn kò fẹ̀: bẹ́ǹṣì kan, tábìlì nọ́ọ̀sì, òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ nílẹ̀ tó fi ìka mẹ́rin ga, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n wọn òun náà. Ìyá Òṣùwọ̀n bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n.

Nọ́ńbà náà sáré, ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó dúró. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó lé díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi bírò kan ìwé, bírò kò yọ. Ó gbọ̀n ọ́n, kò yọ. Ó yíjú sí dúrọ́ọ̀ láti wá òmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Òṣùwọ̀n kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rò ó. Ó rọra fa gìgísẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn títí ó fi kọjá etí òṣùwọ̀n. Ó wo ògiri: nọ́ńbà kò yí padà. Ó fa gìgísẹ̀ òsì náà. Kò yí padà. Ó fà á sí i, ó ku ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan lórí òṣùwọ̀n, ara rẹ̀ ń mì bí ewé, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Obìnrin tó ti mú awakọ̀ tí kò lóǹkà, òun ló wá ń yọ táyà ẹ̀yìn. Ó sì gbàgbé ohun tí ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kan mọ̀: táyà tí awakọ̀ bá yọ, orí ilẹ̀ ló ń balẹ̀ sí, ilẹ̀ á bá a gbé e. Gìgísẹ̀ tirẹ̀ wà lójú òfúrufú, kò sẹ́ni tó ń bá a gbé nǹkan kan.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Táyà yín ò kanlẹ̀ o!"

"Dákẹ́ jọ̀ọ́," ni Ìyá Òṣùwọ̀n wí láàárín eyín.

"Kí ló ń ṣe?" ni Màmá béèrè. "Kí ló dé tó ń dúró bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ọgbọ́n àwọn awakọ̀ ni, Màmá. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹrù pamọ́, wọ́n á yọ táyà kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yan dókítà jẹ."

"Nítorí kí ni?"

Ẹ̀rín Tíṣà dá dúró lójijì. Ó gbọ́ ìdáhùn nínú ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Kí dókítà lè gbà láti la inú ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Nítorí tèmi."

Màmá wo gìgísẹ̀ méjì tó wà lójú òfúrufú. Wọ́n ti sán láti inú ìrìn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sínú ọ̀kan. Ìyá Òṣùwọ̀n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Màmá ti orí bẹ́ǹṣì dìde kánkán ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe lè gbà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gba gìgísẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú.

Nọ́ńbà ara ògiri já wálẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Márùndínláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Gbogbo wọn ló rí i. Nọ́ọ̀sì náà ti yíjú padà pẹ̀lú bírò tuntun lọ́wọ́.

"Ìyá àgbà, kí lẹ ń ṣe nísàlẹ̀ yẹn?"

"Mò ń bá a gbé e," ni Màmá dáhùn. Kò mú ọwọ́ kúrò.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Màmá kò fi í sílẹ̀ títí Tíṣà fi wá fà á dìde. Nọ́ńbà padà sókè. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó mí kanlẹ̀, ó sì kọ ohun tó wà lára ògiri sílẹ̀ gan-an bó ṣe rí.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní Ìyá Òṣùwọ̀n gbìyànjú gan-an, ó ní ìgbìmọ̀ á tún jókòó ní oṣù mẹ́ta sí i. Ìyá Òṣùwọ̀n bi í bóyá àbúrò òun lè dúró dè é tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ní àwọn ń retí bẹ́ẹ̀.

Ní kọ́rídọ̀, níbi tí Màmá ti jó lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n jókòó de Tíṣà tó wà lórí ẹ̀rọ. Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ebi ń pa ọ́?"

"Ó ń pa mí, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù mẹ́rin."

Màmá bọ́ okùn kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́ ọrùn ọmọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ara Màmá. Nígbà tí wọ́n délé, Tíṣà lẹ ìwé tuntun mọ́ ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ lára fíríìjì, ó fi bírò pupa sàmì kan, ó sì ya ọ̀sẹ̀ méjìlá tó ṣófo sílẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo búrẹ́dì, ó mú iyọ̀, ó tì í. Oṣù mẹ́ta sí i nínú yàrá tí wọ́n ti ìta tì mọ́ ọn yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó gun pèpéle irin náà, ó yí ọrùn. Nọ́ńbà pupa kò dúró sójú kan. Ọgọ́rin. Ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rin. Ọgọ́rùn-ún. Ó ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Lẹ́nu géètì, Alága ti gbé típà rẹ̀ dé. Kò tẹ hóònù. Ó yọ orí síta.

"Kí ló kọ, Ìyá Òṣùwọ̀n?"

"Kò tíì mọ èyí tó máa kọ."

"Ẹ yẹ abẹ́ yín wò o! Bóyá ẹrẹ̀ ni!"

Ó rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó di ògiri yàrá mú, ó gbé bàtà ọ̀tún sókè, ó wò ó. Lóòótọ́, ẹrẹ̀ ọ̀nà ti lẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀. Ó mú igi kékeré kan nílẹ̀, ó ha á, ó ha ti òsì náà, ó sì tún gun pèpéle.